Ṣé Ó Yẹ Kí Olùkọ́ Tí Ìfẹ̀yìntì Rẹ̀ Kù Dẹ̀dẹ̀ Tún Lọ Gba Ìwé-Ẹ̀rí Kún Ìwé-Ẹ̀rí? Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Olùkọ́ Abẹ́òkúta

Nígbàkúùgbà tí ìwé ìgbéga bá jáde, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún ní Abẹ́òkúta, láti Làfẹ́ńwá títí dé Òṣíẹ̀lẹ̀: ṣé kí n lọ gba ìwé-ẹ̀rí mìíràn kún èyí tí mo ní, àbí kí n fi èyí tí mo ní sin iṣẹ́ yìí parí? Àwọn tí ó wà láyìíká kì í pẹ́ dáhùn. Ẹnìkan á ní ìwé kì í pọ̀ jù, ẹlòmíràn á ní kí àgbàlagbà jókòó sí ilé rẹ̀ kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ kàwé. Ìdáhùn méjèèjì kò wúlò fún olùkọ́ tí ó béèrè, nítorí pé ẹni tí ó dáhùn kò mọ ọjọ́ tí olùkọ́ náà yóò fẹ̀yìntì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí ìwé-ẹ̀rí náà yóò rí ṣe nínú ọdún tí ó kù. Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì yẹn ni ó yẹ kí ìrònú ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ó tó béèrè iye tí fọ́ọ̀mù jẹ́.

Ẹ ka ọdún láti ọjọ́ ìfẹ̀yìntì padà sẹ́yìn

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlànà iṣẹ́ ìjọba ni pé òṣìṣẹ́ yóò fẹ̀yìntì nígbà tí ó bá pé ẹni 60 ọdún tàbí nígbà tí ó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tí ó sún ti àwọn olùkọ́ sí ẹni 65 ọdún tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń mú òfin yẹn lò fún àwọn olùkọ́ tirẹ̀, nítorí náà ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí fáìlì yín wà, kí ẹ sì gba ọjọ́ ìfẹ̀yìntì yín ní àkọsílẹ̀. Fún olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba, TESCOM, ìyẹn àjọ tí ń rí sí iṣẹ́ olùkọ́ ní ìpínlẹ̀, ni ọ́fíìsì náà. Fún olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ yín, tí ó wà lábẹ́ SUBEB (àjọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìpínlẹ̀), ni. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yàrá olùkọ́ tàbí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ṣe ìṣirò yìí, nítorí pé ìyàtọ̀ ọdún márùn-ún ni ó wà láàrin ìlànà méjèèjì, ọdún márùn-ún náà sì lè yí ìdáhùn padà pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan tí wọ́n bí ní 1972, tí ó wọṣẹ́ ní 1999 pẹ̀lú NCE (ìwé-ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni), tí ó sì ń rò ó láti bẹ̀rẹ̀ B.Ed. (dígírì ìkọ́ni) ọlọ́dún mẹ́rin ní 2026. Bí ó bá wà lábẹ́ ìlànà àtijọ́, yóò pé ẹni 60 ọdún ní 2032, ọdún méjì kí ó tó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà 2032 ni yóò fẹ̀yìntì. Yóò parí ẹ̀kọ́ ní 2030. Kí èsì tó jáde, kí ó tó gbé e dé ọ́fíìsì, kí wọ́n tó jókòó lé fáìlì rẹ̀ lórí, ọdún kan lè ti kọjá, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọdún kan péré ni ìwé-ẹ̀rí tí ó fi ọdún mẹ́rin wá yóò fi ṣiṣẹ́ fún un. Bí olùkọ́ yìí kan náà bá wà lábẹ́ ìlànà tuntun, ẹni 65 ọdún ni yóò jẹ́ ní 2037, ọdún mẹ́fà sì ni yóò ní lẹ́yìn tí ìwé-ẹ̀rí bá ti wọ fáìlì.

Ìdí tí ọdún yẹn fi ṣe pàtàkì ni pé ìgbéga kì í wá lọ́dọọdún. Nínú ìlànà iṣẹ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ tí ó wà láàrin lẹ́fẹ́ẹ̀lì 07 àti 14 gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta kí ó tó tọ́ sí ìgbéga tí ó kàn, ẹni tí ó wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 15 sókè sì gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́rin. Nítorí náà, nínú ọdún kan tí ó kù fún olùkọ́ wa lábẹ́ ìlànà àtijọ́, kò dájú pé àyè ìgbéga kankan yóò wà tí ìwé-ẹ̀rí náà lè ràn án lọ́wọ́ láti gbà. Nínú ọdún mẹ́fà ti ìlànà tuntun, ìgbéga kan dájú bí ọ́fíìsì bá ń ṣe é lásìkò, ìgbéga méjì sì ṣeé ṣe bí kò bá tíì dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 15. Ẹ kọ ọjọ́ tiyín sórí ìwé báyìí: ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, ọjọ́ tí ẹ lè parí ẹ̀kọ́, ọdún kan fún ìwé láti rìn, àti ọjọ́ ìgbéga tí ó kẹ́yìn tí ẹ gbà. Bí ohun tí ó kù lẹ́yìn ìyọkúrò kò bá tó ọdún mẹ́ta, owó oṣù àti ipò kò lè jẹ́ ìdí tí ẹ fi ń lọ, àyàfi bí ọjọ́ ìgbéga yín bá bọ́ sínú àkókò náà. Ìdí mìíràn lè wà, n óò sì dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé òun ni ẹ ń lépa.

Irú ìwé-ẹ̀rí wo ni ó kù fún yín?

Ẹni tí ó ní àlàfo nínú ìwé rẹ̀ àti ẹni tí ó fẹ́ fi kún ìwé tí ó ti tó kò gbọdọ̀ gba ìmọ̀ràn kan náà. Láti mọ èyí tí ẹ jẹ́, ẹ yẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ yín ní TRCN wò, ìyẹn àjọ tí òfin 1993 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni àjọ náà pín olùkọ́ sí: A ni ti àwọn tí ó ní ìwé-ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé, B ni ti máàsítà, C ni ti dígírì àkọ́kọ́, D sì ni ti NCE.

Olùkọ́ tí ó ní B.Sc., B.A. tàbí HND, tí kò sì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rí nínú yàrá ìkàwé, ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí pé wọ́n pọ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, pàápàá nínú àwọn tí ń kọ́ni ní ìṣirò, físíìsì àti ètò ọrọ̀-ajé. PGDE, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tí ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ni ó kù fún yín. Ọdún kan sí méjì ni ó ń gbà, ẹ lè ṣe é láìfi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ni yóò sì jẹ́ kí ẹ lè forúkọ sílẹ̀ ní TRCN lẹ́yìn ìdánwò àjọ náà. Kódà bí ọdún mẹ́rin péré bá kù fún yín, mo gbà yín níyànjú láti ṣe é. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó bá fẹ́ gbà yín síṣẹ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì máa ń béèrè ìwé TRCN lọ́wọ́ yín, àwọn alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ onílé-ẹ̀kọ́. Ìwé kúkúrú tí ó dí àlàfo tòótọ́ sàn ju ìwé gígùn tí ó kan ń mú orúkọ gùn lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní NCE gba sùúrù díẹ̀. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 07 ni NCE ti ń bẹ̀rẹ̀, 08 sì ni dígírì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kì í ṣe ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti gun àkàsọ̀ náà jìnnà, ìyàtọ̀ láàrin 07 àti 08 kò sì kàn án mọ́. Ohun tí ó kàn án ni ibi tí àkàsọ̀ náà dópin fún ẹni tí kò ní dígírì. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì yín: lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo ni ẹni tí ó ní NCE kò lè kọjá nínú ètò iṣẹ́ wa? Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ka ìgbéga yín láti ibi tí ẹ wà lónìí títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Bí ìṣirò náà bá fi hàn pé ẹ óò fẹ̀yìntì kí ẹ tó dé ibi ìdènà náà, dígírì kò ní fi nǹkan púpọ̀ kún owó oṣù yín, nítorí pé kò sí ohun tí ó fẹ́ dá yín dúró. Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀ báyìí, tàbí tí ẹ óò dé ibẹ̀ tí ọdún mẹ́fà tàbí méje yóò sì ṣì kù, dígírì nìkan ni ó lè ṣí ọ̀nà, ó sì yẹ kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ti tó láti yọ ọ̀pọ̀ olùkọ́ nínú ìdààmú, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tí ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó kò pọ̀.

Ní ti M.Ed., ìyẹn máàsítà nínú ìkọ́ni, ọ̀pọ̀ igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbà pé òun ni yóò sọ wọ́n di ọ̀gá. Ó lè ràn yín lọ́wọ́ níwájú àwọn tí ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò, ṣùgbọ́n ọdún tí ẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́, èsì ìdánwò ìgbéga àti àyè tí ó ṣí sílẹ̀ ni ó ń ṣáájú. Lójú tèmi, ẹ̀yìn ìfẹ̀yìntì ni M.Ed. ti ń ṣe olùkọ́ àgbà láǹfààní jù: ó lè fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ aláàbọ̀-àkókò, ó lè di olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, tàbí kí ó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, tí ẹ sì ti bá ẹnìkan tí ó lè gbà yín síṣẹ́ sọ̀rọ̀, kò burú kí ẹ fi ọdún méjì tí ó ṣáájú ìfẹ̀yìntì ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kan rò pé nǹkan yóò ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ dúró ná.

Ìwé-ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé kò ní gbà mí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ń fẹ̀yìntì ní ẹni 65 ọdún, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ní 70, nítorí náà ẹni tí ó bá gba ìwé ọ̀mọ̀wé ní ẹni 60 ọdún kò ní rí iṣẹ́ àyérayé gbà níbẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ẹni tí ìwádìí bá ń pa lóúngbẹ, tí owó rẹ̀ sì tó o, kí ó lọ pẹ̀lú ayọ̀.

Àwọn kan ń ro ti òkè òkun. Láti oṣù kejì 2023 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí ọ̀nà fún olùkọ́ láti Nàìjíríà tí ń kọ́ni ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí àwọn èdè kan láti tọrọ ipò olùkọ́ tó péye níbẹ̀. Dígírì àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tí ó dọ́gba pẹ̀lú dígírì ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àjọ tí ń ṣàkóso olùkọ́ ní ilẹ̀ tí ẹ ti ń bọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ro ọ̀nà yìí, PGDE tàbí B.Ed. ni ẹ ó wá kí ẹ tó ro M.Ed.

Owó tí yóò wọlé àti owó tí yóò jáde

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń sọ pé ìgbéga ìkẹyìn ni owó ìfẹ̀yìntì ń dúró lé, nítorí náà kí a ṣe gbogbo ohun tí a bá lè ṣe láti gbà á. Òótọ́ ni èyí fún àwọn kan, kì í sì í ṣe òótọ́ fún àwọn mìíràn. Lábẹ́ ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́, owó oṣù tí ẹ ń gbà nígbà tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe ìṣirò: ẹni tí ó bá lo ọdún 35 gbáko a máa ní gírátúítì tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan, àti pẹ́ńṣàn tí ó jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìkẹyìn náà. Fún ẹni bẹ́ẹ̀, ìgbéga kan ṣoṣo, kódà bí ó bá wá ní ọdún kan kí ó tó fẹ̀yìntì, yóò máa so èso ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Lábẹ́ ètò alájọdá, èyí tí òfin 2004 bẹ̀rẹ̀ tí òfin 2014 sì tún ṣe, owó tí ẹ̀yin àti agbanisíṣẹ́ yín ti ń dá sínú àpò ìfẹ̀yìntì yín láti àwọn ọdún wọ̀nyí wá ni ẹ óò bá níbẹ̀. Òfin 2014 fi í sí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́. Ìgbéga tí ó wá ní ọdún méjì tí ó kẹ́yìn kò lè fi ju ìdá díẹ̀ kún ohun tí a ti fi ogún ọdún dá jọ. Ẹ béèrè ètò tí ẹ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n fi hàn yín nínú fáìlì. Olùkọ́ méjì tí ó jọ ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà lè wà nínú ètò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tí ó sì jẹ́ ìpinnu rere fún ọ̀kan lè jẹ́ òfò fún èkejì.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó ṣe ìṣirò owó. Ẹ gba tábìlì owó oṣù tí ó wà lóde báyìí, kí ẹ wo iye tí ẹ ń gbà àti iye tí ẹ óò máa gbà bí ìgbéga náà bá bọ́ sí i, kí ẹ sì fi ìyàtọ̀ wọn lu iye oṣù tí ẹ óò fi gbà á. Ká ní ìyàtọ̀ náà jẹ́ ₦20,000 lóṣù, tí ọdún mẹ́rin sì ni ẹ óò fi gbà á: oṣù 48 ni, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦960,000. Ká wá ní owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀, ilé tí ẹ óò sùn nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́, ìwé, iṣẹ́ ìwádìí ìparí àti títẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000. Lórí owó oṣù nìkan, ẹ ti pàdánù ₦240,000. Bí ẹ bá wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́, ẹ fi ohun tí yóò kún gírátúítì àti pẹ́ńṣàn lé e, ìdáhùn náà sì lè yí padà sí èrè. Ẹ má ṣe fo owó kékeré, nítorí pé owó ìgbàwọlé, owó ìdánwò TRCN, dátà àti fọ́tòkọ́pì ló máa ń gba owó oúnjẹ ilé láìjẹ́ kí a fura.

Mo fẹ́ bẹ yín lórí ọ̀rọ̀ yíyá owó. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lè yá yín ní owó tí ẹ óò san tán kí ẹ tó fẹ̀yìntì, èyí kò léwu púpọ̀. Owó èlé láti orí fóònù, tàbí ìlérí pé gírátúítì ni ẹ óò fi san án, léwu gidigidi, nítorí pé gbogbo wa la mọ bí gírátúítì ṣe máa ń pẹ́ tó. Ó ń dùn mí nígbà tí olùkọ́ tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bá wọ ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú gbèsè ìwé-ẹ̀rí tí kò rí lò. Bí ọmọ yín bá sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, owó tirẹ̀ ni kí ó ṣáájú.

Bí ó bá jẹ́ nítorí kíláàsì ni

Àwọn olùkọ́ kan wà tí kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kan wà ní kíláàsì yín tí kò gbọ́ràn dáadáa, tàbí tí ó dé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹrin tí kò lè ka gbólóhùn kan, tí ẹ sì mọ̀ pé ohun tí ẹ kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà kò tó láti ràn án lọ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìdí yìí ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì kò sì lè sọ ọ́ di asán, nítorí pé ọmọ tí ó bá kàwé lọ́dọ̀ yín ní ọdún tí ẹ óò lọ yóò mú un lọ sí ibi tí ẹ kò ní dé.

Ṣùgbọ́n bí ìdí yín bá jẹ́ èyí, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá dígírì ni ó ń kọ́ni ní ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú tí ó dá lórí ìṣòro kan ṣoṣo, irú èyí tí TRCN ń kà mọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbà-dé-ìgbà fún títún ìwé-àṣẹ ìkọ́ni ṣe, yóò dé kíláàsì yín láàrin oṣù kan, nígbà tí M.Ed. yóò fi ọdún méjì bá yín sọ̀rọ̀ nípa ètò ìṣàkóso. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà ara tàbí ti ẹ̀kọ́ ni ẹ fẹ́ sìn, kọ́lẹ́ẹ̀jì àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ó wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977 ni ibi tí ẹ ó ti béèrè irú ẹ̀kọ́ tí ó bá àkókò yín mu. Olùkọ́ ọ̀dọ́ tí ó wà ní kíláàsì kejì náà lè kọ́ yín ní kọ̀ǹpútà láìgba kọ́bọ̀, bí ẹ bá lè sọ pé kí ó kọ́ yín.

Ibi tí ẹ lè ti kà á láti Abẹ́òkúta

Ohun tí ó ń dá àgbà lágara jù ni ìrìn-àjò, nítorí náà ẹ wo ibi tí ó sún mọ́ yín kí ẹ tó wo orúkọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, wà lẹ́nu ọ̀nà Ìbàdàn, ọkọ̀ kan ni yóò gbé yín dé ibẹ̀. Yunifásítì ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ti ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí NOUN ní ibùdó ní Abẹ́òkúta, ó sì dára fún ẹni tí ó lè kàwé fúnra rẹ̀ láìsí olùkọ́ níwájú. NTI (ilé-ẹ̀kọ́ àpapọ̀ fún àwọn olùkọ́) tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kàdúná, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ni a dá sílẹ̀ nítorí olùkọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ó sì ní PGDE. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi tí a ń pè ní sáńwíìṣì ni ẹ fẹ́, ẹ béèrè ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìjagun, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, àti ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ibi tí ẹ óò sùn, nítorí pé kò rọrùn láti máa lọ kí a máa bọ̀ lójúmọ́ láti Abẹ́òkúta.

Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Láderin lọ sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn àti sí Ebute Metta ní Èkó. Ibùdókọ̀ Mọ́níyà kò jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn, Ebute Metta kò sì jìnnà sí Àkọkà tí Yunifásítì Èkó wà. Yunifásítì méjèèjì ló ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn. Ẹ wo àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra kí ẹ rí i bóyá ó bá ọjọ́ ẹ̀kọ́ mu, nítorí pé jíjókòó nínú ọkọ̀ ojú irin kò lè rẹni bí ọ̀nà márosẹ̀.

Ẹ má ṣe sanwó fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan kí ẹ tó rí orúkọ rẹ̀, àti ti ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ gan-an, nínú àkọsílẹ̀ àwọn àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso wọn: NUC fún yunifásítì tàbí NCCE fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni. A sún mọ́ ẹnubodè, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ èyí ní kedere: ní oṣù kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá gbígba dígírì láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba dígírì ní Kùtọnù láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Olùkọ́ tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ní orúkọ rere kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọ fáìlì rẹ̀ ní ìkẹyìn.

Ẹ dán ara yín wò kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀

Ó ti pẹ́ tí ẹ jókòó sí ìdánwò. NOUN ń gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbà á sílẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú ìwé ẹ̀ka ẹ̀kọ́, kí ẹ fi oṣù kan kà á fún wákàtí kan ààbọ̀ lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ tán, kí ẹ sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú báírò. Ẹ óò mọ̀ bóyá ojú yín nílò gíláàsì tuntun, bóyá iná mànàmáná àdúgbò yín yóò gbà fún yín, àti bóyá ara ilé yóò jẹ́ kí ẹ ráyè. Ẹ sọ fún ọkọ tàbí aya yín kí oṣù náà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì béèrè èrò rẹ̀ nígbà tí ó bá parí. Bí oṣù kan yìí bá ti ju agbára yín lọ, ọdún mẹ́rin yóò jù ú lọ dájúdájú, kò sì sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀.

Bí ìpinnu yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni

Ẹ gba ìyọ̀ǹda ní kíkọ láti ọ́fíìsì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kódà bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi tí kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí kò gba ìyọ̀ǹda lè parí tán kí wọ́n sọ fún un pé àwọn kò mọ̀ nípa ìwé náà. Nínú lẹ́tà yín, ẹ dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kà, ọdún tí yóò gbà, àti bí ó ṣe kan iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ni. Bí wọ́n bá fún yín ní ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú owó oṣù, ẹ ka ìwé àdéhùn náà dáadáa, nítorí pé ó lè béèrè pé kí ẹ padà wá sìn fún iye ọdún kan, iye ọdún náà sì lè ju èyí tí ó kù kí ẹ fẹ̀yìntì. Bí ọ́fíìsì bá kọ̀ tàbí tí wọn kò dáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka NUT yín, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Iṣẹ́ tí a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fún ní 1931 ni, nígbà tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í darí Abeokuta Grammar School ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí èsì bá jáde, ẹ má ṣe dúró de ayẹyẹ ìgboyèjáde. Ìwé èsì ìgbà díẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ fún yín ti tó láti fi kọ ìwé béèrè fún àyípadà ipò, oṣù tí ẹ bá sì fi pamọ́ sílé lè mú yín pàdánù ìjókòó ìgbéga ọdún náà. Ẹ ṣe àyípadà ọ̀wọ́ yín ní TRCN pẹ̀lú. Gbogbo ìwé tí ẹ bá gbé lọ sí Òkè-Mọ́sàn tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, tàbí sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lé ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì padà lọ béèrè nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.